Kọ́kọ́ To Inú Kó O Tó To Eyín

Àbúrò mi, wọ́n ní o fẹ́ fi wáyà sí eyín. Inú mi dùn sí i gan-an. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí dẹ́rù bà ọ́. Eyín àgbà ń rìn bí eyín ọmọdé ṣe ń rìn, tí wọ́n bá fi sùúrù tì í. Tàgbà kàn máa ń falẹ̀ díẹ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú èrìgì tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lẹ irin mọ́ eyín. Ẹni ogójì ọdún ń ṣe é, ẹni àádọ́ta ọdún ń ṣe é. Torí náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ ni.

Èmi náà ní àìsàn celiac tó o sọ pé o ní yìí, mi ò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ. Bó ti wù kí ọwọ́ dókítà eyín já fáfá tó, tí ìfun rẹ bá ṣì ń ṣọgbẹ́, àdánù ló ń bọ̀. Kọ́kọ́ wá àlàáfíà inú. Wáyà ò ní sá lọ.

Jẹ́ kí n là á yé ọ dáadáa, nítorí àwọn ará ilé á bi ọ́, ó sì yẹ kó o rí èsì fọ̀. Àlìkámà, báálì àti ráì ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí wọ́n bá ń pò ó. Tó bá dé ìfun tiwa, ara wa á kà á sí ọ̀tá, á gbé ogun dìde, ìfun wa gan-an ni ogun náà á sì máa jà. Inú ìfun kékeré ní nǹkan wẹ́wẹ́ bí irun tó bò ó, àwọn ló ń fa oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ogun yẹn á tẹ́ wọn pẹrẹsẹ. O ń jẹun, oúnjẹ ò wọ ara. Ìyẹn ló fà á tí àwa tá a ní in fi máa ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ wa kì í tó, tí àárẹ̀ kì í kúrò lára wa, tí inú ń wú, tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe wá lónìí, tó sì há lọ́la. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé wa ló ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n ti lo oògùn taifọ́ọ̀dù àti ti ọgbẹ́ inú fún ọdún gbọọrọ, tí nǹkan kan ò yí padà, nítorí búrẹ́dì àárọ̀ kò kúrò lórí tábìlì.

Wọ́n á sọ fún ọ pé àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àyẹ̀wò kan jáde nípa àwọn ọmọ Sahrawi, àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà níhìn-ín ní Áfíríkà: ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní in. Nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wá a dáadáa, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní in. Àbùdá tí ènìyàn jogún ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí náà tí ìwọ bá ní in, sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem-Karel Dicke, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń fura kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ìyàn wá mú níbẹ̀ láàárín 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn ọmọ ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá rí, àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn. Ní 1950 ló kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

Níbo wá ni eyín ti wọ̀ ọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni, má sì fojú kékeré wo ìkankan.

Ti egungun ló wúwo jù. Eyín kì í rìn nínú èrìgì lásán, inú egungun àgbọ̀n ló ti ń rìn. Bí wáyà bá ń ti eyín síwájú, ara á máa jẹ egungun tó wà níwájú rẹ̀, á sì máa mọ tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń wó ògiri yàrá kan láti fi mọ òmíràn. Ẹni tó ń mọlé nílò amọ̀. Tí kálísíọ̀mù àti fítámì D kò bá wọ ara rẹ nítorí pé ìfun rẹ kò sàn, kí ni ara rẹ fẹ́ fi mọ ògiri ẹ̀yìn yẹn? Celiac tí wọn ò tọ́jú máa ń sọ egungun di fúlẹ́fúlẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Má gbé irú egungun bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹni tó fẹ́ máa ti eyín kiri nínú rẹ̀.

Èkejì ni ara eyín fúnra rẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí ti mú láti kékeré, nígbà tí eyín àgbà ṣì ń mọ nínú àgbọ̀n, eyín náà lè jáde pẹ̀lú àbàwọ́n funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, kó ní ihò tàbí ìlà gbọọrọ, tọ̀tún tòsì bákan náà. Onímọ̀ eyín kan ní Finland, Liisa Aine, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1986, tó pín àbùkù náà sí ìpele ìpele. Wo eyín rẹ nínú dígí lójú oòrùn. Tó o bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sọ ọ́. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ irin kéékèèké yẹn mọ́ ojú eyín, ibi tí ojú eyín bá sì ti ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ, irin lè máa já bọ́ léraléra. Dókítà tó bá mọ̀ ṣáájú á wá ọgbọ́n sí i.

Ẹ̀kẹta ni egbò ẹnu. Mo máa padà wá síbẹ̀.

Ohun tí mo ní kó o ṣe báyìí nìyí. Lọ bá dókítà inú rẹ kó o tó bá dókítà eyín sọ̀rọ̀ owó. Ní kó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní tTG, kí ẹ mọ̀ bóyá ogun inú ìfun ti rọlẹ̀. Ní kó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ bóyá ó tó, kó wo áyọ́ọ̀nù àti fítámì D. Tó bá rí i pé ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò egungun, jẹ́ kí wọ́n yà á. Láti Ìgbẹ́mọ tó ò ń gbé, EKSUTH, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, kò jìnnà sí ọ, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà wà ní Adó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó kí èsì tó jáde, má bínú sí wọn. Bó bá jẹ́ pé kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tó o ti yà kúrò nídìí gluten, fún ìfun rẹ láyè. Ti ẹlòmíràn máa ń gbà ju ọdún kan lọ kó tó padà bọ̀ sípò.

Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lò ń fura, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ ọ́ wò rí, jọ̀wọ́ má tíì pa búrẹ́dì tì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí. Àyẹ̀wò náà ń wá àmì ogun, bó o bá sì ti jáwọ́ nínú gluten, ogun á rọlẹ̀, àyẹ̀wò á sọ pé kò sí nǹkan kan. Ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà oníkámẹ́rà wo inú rẹ kí wọ́n sì mú bíńtín nínú ìfun bó bá gba bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kó o wá jáwọ́ pátápátá, títí ayé.

Àbúrò mi, ilẹ̀ tó dára ni Ọlọ́run fi ọ́ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń ra búrẹ́dì aláìní-gluten lówó iyebíye, ìwọ ń gbé ní Èkìtì níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ. Kò sí gluten nínú iṣu. Kò sí nínú pákí, kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú kókò. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ọ̀jọ̀jọ̀, gbogbo rẹ̀ tìẹ ni. Wọ́n sì rọ̀! Iyán tó kúnná pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá tàbí ẹ̀fọ́ rírò, ta ló ń fi eyín jẹ ẹ́? Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fún wáyà rẹ le, tí eyín ń dùn ọ́ tó ò lè gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá jẹ, òkèlè iyán á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ wọ́ọ́rọ́. Mi ò mọ oúnjẹ míì tó bá àìsàn yìí àti wáyà eyín mu lẹ́ẹ̀kan náà tó bẹ́ẹ̀.

Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ wá ńkọ́? Òkìkí rẹ̀ ti kọjá Èkìtì, àwọn ènìyàn ń wá a wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sì ní gluten rárá. Ìwọ tó o ń gbé nídìí rẹ̀ mọ wàhálà rẹ̀: òkúta. Òkúta kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí àárín eyín rẹ lè ṣí irin kúrò lójú eyín, kó sì sọ ọ́ di ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láìròtẹ́lẹ̀. Ra èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yọ òkúta rẹ̀. Kódà bẹ́ẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé e: tẹ́ ẹ sórí atẹ lójú ọ̀sán kó o ṣà á, lẹ́yìn náà da omi sí i nínú igbá, mì í, kó o rọra máa da ìrẹsì òun omi sínú abọ́ kejì. Ohun tó bá jókòó sísàlẹ̀ igbá, dà á nù. Kó o wá sè é kó rọ̀ ju bó o ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀wà náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa ni mo fẹ́ kó o mọ̀ dáadáa. Búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù, ṣin-ṣin, míìtì páì, gálà, Indomie, sùpàgẹ́tì, makaróní, o ti mọ ìyẹn. Sẹ̀mó ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí: àlìkámà ni. "Wíìtì" tí wọ́n ń rò fún àwọn alátọ̀gbẹ, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́. Búrẹ́dì pákí tí wọ́n polongo káàkiri nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, fulawa àlìkámà ló ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe tiwa. Máàtì àti bíà, báálì ni wọ́n sábà ń lò sí i. Lóòótọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà yà sídìí ọkà bàbà nígbà tí ìjọba fòfin de báálì òkè òkun ní 1988, ṣùgbọ́n òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, nítorí náà ka ara ìgò kó o tó mu ún. Ka ara ike ohun mímu onítíì tí o ń pò mọ́ mílíìkì, ka ara mágí, ka ara poundo inú páálí. Irú tó wà lọ́jà Adó kò nílò ìwé kankan, òun ni kó o fi ṣe ọbẹ̀ rẹ.

Ẹ̀rọ ìlọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi lọ àlìkámà fún ìyá alátọ̀gbẹ láàárọ̀ ni wọ́n máa fi lọ èlùbọ́ rẹ lọ́sàn-án. Gluten díẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́nu ẹ̀rọ tó láti dá ogun sílẹ̀. Bá onílọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, ní kó jẹ́ kí tìrẹ ṣáájú lẹ́yìn tó bá ti fọ ẹ̀rọ, tàbí kó o ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré sílé. Epo àkàrà náà ńkọ́, tí wọ́n ti din pọ́fù-pọ́fù nínú rẹ̀? Din tìrẹ nílé.

Bí àwọn kan bá ní ìyà lò ń jẹ, pé kò sí búrẹ́dì lẹ́nu rẹ mọ́, rán wọn létí pé àwọn ìyá wa gbé ayé láìsí búrẹ́dì, wọ́n sì lágbára. Láti òkè òkun ni púpọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ ti ń wá. Ní 1987 ìjọba Babangida tiẹ̀ fòfin dè é kó má wọlé mọ́, ó di 1992 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Búrẹ́dì wọ́n nígbà náà, Èkìtì kò dákẹ́ iyán gígún.

Ó yá, inú ti rọ̀, èsì àyẹ̀wò ti dára. Ká lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Kì í ṣe gbogbo dókítà eyín ló ń to eyín. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni, ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lẹ́yìn ìwé dókítà. Béèrè ní Adó ná bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó kọ́ ọ. Bí kò bá sí, Ilé-Ifẹ̀ ló tún kù, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti OAU ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín látọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó. Má lọ bá ẹni tó ń lẹ wáyà fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Mo bẹ̀ ọ́. Eyín tí wọ́n tì láìwo fọ́tò egungun lè mì dànù.

Mú lẹ́tà dókítà inú rẹ dání, kó o sì sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ: "Dókítà, mo ní celiac, mi ò gbọdọ̀ gbé gluten mì." Ní kí wọ́n wo ara gbogbo ohun tó máa wọ ẹnu rẹ: ìpara tí wọ́n fi ń nu eyín kí wọ́n tó lẹ irin, ìpara fluoride, ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán eyín, ìda tí wọ́n máa fún ọ mú lọ sílé láti fi bo irin tó bá ń họ ẹnu. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní gluten, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kó fọwọ́ sọ̀yà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ń méfò. Béèrè lọ́wọ́ apòògùn náà nípa oògùn ìrora, torí sítáàṣì àlìkámà wà nínú àwọn hóró oògùn mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń yún ọ létí, sọ ìyẹn náà: níkẹ̀lì wà nínú ọ̀pọ̀ wáyà eyín, wọ́n lè wá irú míì fún ọ.

Ọ̀rọ̀ èéjí rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé èéjí yẹn ni ọkọ wọn kọ́kọ́ rí. Wáyà kò mọ èéjí yàtọ̀ sí àlàfo lásán. Dókítà tí o kò bá sọ fún á pa á dé, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé òyìnbó ṣe kọ́ ọ. Sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé o fẹ́ kó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Eyín tó tò dáadáa lè ní èéjí láàárín, kò sí ohun tó ṣe é.

Wọ́n lè fi irú kejì lọ̀ ọ́, èyí tó dà bí ike tó mọ́ gaara, tí o lè bọ́ sílẹ̀ tó o bá fẹ́ jẹun. Ó dára fún wa, nítorí oúnjẹ kì í há sí i, egbò rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti irin. Owó rẹ̀ ló ga. Kì í sì í ṣe gbogbo eyín ló lè tò. Bí apá rẹ bá ká a, tí dókítà sì ní ó bá tìrẹ mu, èmi á ní kó o mú un. Bí kò bá ká a, irin ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ti ń ṣe é tipẹ́.

Béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ títí dé òpin, kì í ṣe owó ọjọ́ tí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ ń lo bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, wọ́n sì ń padà lọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ láti tún un fà. Ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Di oúnjẹ tìrẹ dání ní gbogbo ìgbà tó o bá ń lọ, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín inú kúlà, nítorí ní gáréèjì, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé wá sí fèrèsé ọkọ̀ ló ní fulawa nínú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le díẹ̀. Ẹnu á kún, ọ̀rọ̀ á máa wọ́, irin á máa họ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fi omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Nu irin tó ń họ ọ́ kó gbẹ, yí ìda wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí wáyà bá gún ọ lẹ́yìn, má fi àlùmọ́gàjí gé e fúnra rẹ. Fi ìda bo orí rẹ̀ kó o pe ilé ìwòsàn.

Egbò tí mo ní mo máa padà wá bá nìyí. Àwa oní-celiac máa ń ní egbò ẹnu kódà láìsí wáyà, nígbà tí gluten bá yọ́ wọlé. Nítorí náà kọ́ láti mọ ìyàtọ̀. Egbò tí irin fà, ibi tí irin ti ń kan ẹran ni ó máa ń wà, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí inú ètè, tí o bá sì fi ìda bo irin náà, á jinná láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá ń yọ sí abẹ́ ahọ́n tàbí ibi tí irin kankan kò dé, tó ń yọ ju ẹyọ kan lọ, tí inú sì ń wú tàbí tí o ń ya ìgbẹ́ lásìkò kan náà, má dá wáyà lẹ́bi. Padà lọ wo ohun tó o jẹ. Àsè wo lo lọ? Ta ló yí mágí padà nílé? Ọ̀pọ̀ ìgbà lo máa rí i.

Ní ti fífọ eyín, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín yẹn gbá abẹ́ wáyà. Ojú eyín tiwa lè má lágbára tó tàwọn yòókù, ìdọ̀tí tó bá sùn yí irin ká á sì sọ ibẹ̀ di funfun bí ẹfun, àmì yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀. Má máa mu ògì oníṣúgà tàbí mínírà díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Pàkò dára, orín àtà dára, ṣùgbọ́n fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi yọ irin náà, nítorí gbogbo agbára tó o máa fi rún un, orí irin ló máa lọ. Orógbó, ìrèké tí à ń fi eyín bó, àgbọn, kúlíkúlí, egungun ẹran, gbogbo wọn á dúró dè ọ́. Yọ àgbàdo kúrò lára kùùkù kó o tó jẹ ẹ́. Gé ẹran àti ṣàkì sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Fún ọdún méjì yìí, jẹ́ kí ẹnu dilẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ni wá lára ju ìrora lọ ni ojú àwọn ènìyàn. O mọ̀ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: kéèyàn kọ oúnjẹ àgbà kò yàtọ̀ sí kéèyàn kọ àgbà náà. Má fi ẹnu kọ̀ ọ́, fi orúnkún. Kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ, kó o ní: "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Dókítà ní fulawa ń ba ìfun mi jẹ́, kódà bí kò ju bíńtín lọ. Iyán yín ni mo ń retí o." Ìyá Èkìtì wo ló máa gbọ́ pé iyán òun lo fẹ́, tí inú á bí i? Pè é ṣáájú ọjọ́ àsè, má jẹ́ kó di ìgbà tí abọ́ bá dé iwájú rẹ. Àwọn tó bá sì ń béèrè ìdí tí obìnrin tó ti bímọ fi ń fi irin sẹ́nu, sọ fún wọn pé eyín rẹ ló ń tò, kó o rẹ́rìn-ín sí wọn kí wọ́n rí irin náà dáadáa. Má fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí àwọn tó fi ọdún méjì bo ẹnu, ó dùn mí.

Tó o bá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, lọ rí Fadá rẹ nípa Ara Olúwa, torí àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 2017, Vatican tún tẹnu mọ́ ọn pé èyí tí kò ní gluten rárá kò yẹ fún Máàsì, ṣùgbọ́n èyí tí gluten inú rẹ̀ kéré gan-an yẹ, ẹni tí kò bá lè jẹ ìyẹn náà lè gba wáìnì nìkan. Ní ìjọ mìíràn, bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ò ní yarí fún ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ irin, wọ́n á yọ gọ́ọ̀mù kúrò lójú eyín, wọ́n á sì tún fi ìpara nu ún. Béèrè nípa ìpara yẹn náà, torí ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun ló wà níbẹ̀, tí kò ka fáìlì rẹ. Wọ́n á wá fún ọ ní ritẹ́nà tí o máa máa fi sùn. Eyín àgbà kì í gbàgbé ibi tó ti wá, oṣù díẹ̀ láìlo ritẹ́nà, á ti máa padà. Fi omi tútù fọ̀ ọ́, má fi gbígbóná, á ká kò. Inú páálí rẹ̀ ni kó máa gbé, má wé e sínú tíṣù nílé tí ọmọdé àti ìyá àgbà wà, wọ́n á gbá a dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ní kí wọ́n ṣe méjì fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó o sì ti bá wọn dúnàádúrà iye rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o san owó.